Kámẹ́rà Tó Ń Pa Ojú Bàbá Dé

Abereke,
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Fẹ́yìsetán ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú ìtọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó tó wà lọ́wọ́ rẹ ní Hull. Ara wa le. Ìyá rẹ ń yan ẹja, èéfín sì ń yan òun náà. Òkun tún jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ tiwa. Mo rò pé ẹnu ìyá rẹ ló ń bà á lẹ́rù.

O ti gbọ́ pé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa, èyí tí kò gbé ju ohùn lọ rí, ti wó lulẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí, àfi kó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbókòdá. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Tíṣà Promise tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé máa ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Yóò fi fóònù rẹ̀ ya ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ, yóò sì bá mi tẹ èsì rẹ jáde sórí bébà. Nítorí náà, kọ ọ́ bí ọmọ tó kàwé, torí tíṣà ni yóò kọ́kọ́ kà á.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kámẹ́rà ni.

Wọ́n ti mú mi mọ́ àwọn àgbà méjìlá tí fọ́tò wọn yóò wà lórí kàlẹ́ńdà Abereke lọ́dún tó ń bọ̀. Oṣù Kẹrin ni wọ́n fún mi, oṣù Àjíǹde. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀, bí mo tilẹ̀ máa ń sọ pé n kò retí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní àwọn kò gba fọ́tò fóònù mọ́, torí ti ọdún tó kọjá rí bí ẹrẹ̀, ìyàwó ilé kan sì fẹnu ko ọkọ ọlọ́kọ lórí ògiri. Wọ́n tún ní àwọn kò gba fọ́tò ẹni tó dijú, torí kàlẹ́ńdà ni, kì í ṣe ìwé ìsìnkú. Èmi gan-an ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn bá wí.

O mọ̀ mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń yà mí, ojú mi kò là nínú fọ́tò rí. Ti ìgbéyàwó wa, mo dijú. Ti ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, mo dijú. Ti káàdì ìdìbò, mo dijú, ọmọbìnrin tó ń yà á sì ní kí n lọ sùn díẹ̀ kí n padà wá. Onífọ́tò kan ní Ìgbókòdá yà mí lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án lóṣù tó kọjá. Yóò ka ení, èjì, ẹ̀ta, yóò tẹ̀ ẹ́, èmi yóò sì ti dijú. Ó ní òun kò rí irú mi rí. Mo ní èmi náà kò rí irú òun rí. A kò kí ara wa mọ́.

Mo ti rò ó, mo rí i pé àwọn onífọ́tò ni kò mọṣẹ́. Èmi fúnra mi ni màá ya ara mi. Bá mi ra èyí tí ẹni tí kò fọwọ́ kan kámẹ́rà rí lè lò, kó má wọ́n, kí bọ́tìnnì rẹ̀ má pọ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń kó fọ́tò fún àwọn atẹ̀wé ní Ìgbókòdá. Bí tèmi kò bá sí níbẹ̀, Jọọlá ni wọn yóò fi rọ́pò mi. Jọọlá tí èmi kọ́ bí a ti ń dẹ àwọ̀n.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ọdún méje ti pé tí o ti lọ. Èmi kò sọ ọ́, òun ló sọ ọ́.

Bàbá rẹ, tí ojú rẹ̀ ń là lójoojúmọ́,
Lawrence Olówòkéré.


Hull,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín àti Màmá. Ẹ kú ewu òpó tó wó, ẹ kú oríire kàlẹ́ńdà. Tíṣà Promise, ẹ kú iṣẹ́ o, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń kà á lọ́wọ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kò sọ fún yín rí. Fọ́tò yín kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi níbí, èyí tí ẹ wọ aṣọ àdúrà funfun, tí ẹ káwọ́ lé àyà, tí ẹ sì dijú. Mo fi kọ́ ògiri yàrá mi. Nígbà tí Beauty, ọmọ Warri tí a jọ ń ṣiṣẹ́, kọ́kọ́ wá kí mi, ó wò ó, ó bọ́ fìlà, ó dì mọ́ mi, ó ní kí Ọlọ́run fún ọkàn wọn ní ìsinmi. Mo ní ẹ wà láàyè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú ọkàn wa. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ìkòkò ìrẹsì wá fún ọlọ́fọ̀. A ti jẹ ẹ́ tán kó tó gbà mí gbọ́.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo tún wò yín, mo rí i pé mo ti ń gbàgbé bí ojú yín ṣe rí. Ìyẹn dùn mí. Nítorí náà, kì í ṣe ti kàlẹ́ńdà nìkan ni kámẹ́rà yìí. Èmi náà fẹ́ rí ojú yín.

Mo ti lọ bá bàbá kan tó ń ta kámẹ́rà àlòkù ní ọjà ibí. Ó ní àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni pé ó máa ń ra èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ, tí yóò sì gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n bi yín ní ìbéèrè díẹ̀. Kí lẹ fẹ́ máa yà, yàtọ̀ sí ara yín? Báwo lẹ ṣe ń rí iná ṣájì nǹkan? Ṣé ẹ ṣì lè ka lẹ́tà kéékèèké? Ṣé yóò máa wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé yín?

Ọmọ yín tó ń retí èsì,
Fẹ́yì.


Abereke,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Fẹ́yìsetán,

Mo kí ọ. Ìbéèrè rẹ pọ̀ bíi ti ọlọ́pàá.

Kí ni mo fẹ́ yà? Ara mi. Bí àyè bá ṣẹ́kù, màá ya ìyá rẹ. Iná ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, Sunday nìkan, fóònù tó sì ń du ihò kan ṣoṣo náà ju ogójì lọ. Ti lẹ́tà kéékèèké, mo ń rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ojú òkun kí àwọn ọmọ ogún ọdún tó rí i. Bí lẹ́tà bá wá kéré jù, ẹ̀bi lẹ́tà nìyẹn. Ti ọkọ̀, ṣé orí afẹ́fẹ́ ni o rò pé à ń rìn ni?

Èmi náà ní ìbéèrè. Ẹṣin mélòó ló ní? Tíṣà ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni a ń fi agbára ẹṣin kà, pé mẹgapísẹ̀lì ni ti kámẹ́rà. Kò sí ìyàtọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ Jọọlá ti fi èyí tó ní ogún ránṣẹ́ sí i láti Èkó, tuntun inú páálí, ó sì ń gbé e kọ́rùn lọ síbi gbogbo, títí kan ilé ìwẹ̀. O mọ bó ṣe máa ń rí lára bí ẹ́ńjìnnì ẹni bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ti aládùúgbò bá ń fi ogójì bú ramúramù kọjá. Má jẹ́ kí ojú tì mí.

Ó sì gbọ́dọ̀ léfòó. Ohun tí kò bá lè léfòó kò ní ohun tó wá ṣe ní Abereke.

Èmi ni bàbá rẹ.


Hull,
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú òjò. Mo ti rà á.

Ó kéré, ó wọ àpò ṣòkòtò. Bátìrì méjì ló ń lò, irú àwọn tín-ín-rín tí ẹ ń fi sínú tọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń tà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìlú Máhìntédó, nítorí náà ẹ kò ní bá ẹnikẹ́ni du ihò iná. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní gíláàsì tí ẹ ó ti máa rí ohun tí ẹ fẹ́ yà. Ẹ yí i sí àmì àwọ̀ ewé, kí ẹ sì fi í síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ro ìyókù. Mẹ́rìndínlógún ni mẹgapísẹ̀lì rẹ̀. Ẹ má bínú, Bàbá. Ogún wà fún ẹni tó fẹ́ tẹ fọ́tò tó tóbi tó ilẹ̀kùn. Fún kàlẹ́ńdà, mẹ́wàá pàápàá tó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò gbọ́dọ̀ fi iye bá ẹnikẹ́ni díje.

Èyí tó ń wọ omi wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n, owó ọkọ̀ òfurufú ni mo sì ń kó jọ lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án. Bí ó bá kàn án, ẹ yọ bátìrì àti káàdì tó ń gba àwòrán kíákíá, kí ẹ gbẹ ẹ́ níbi tó lóoru díẹ̀.

Ó tún ní ohun kan tí yóò dùn mọ́ yín. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí mo lẹ bébà pupa mọ́, ẹ lè gbé e kalẹ̀ kí ẹ lọ jókòó síwájú rẹ̀. Yóò dún bíì, bíì, bíì, yóò sì yà yín fúnra rẹ̀. Tolúlọpẹ́, ọmọ Máhìntédó tó wà níbí, ń bọ̀ wá kí àwọn òbí rẹ̀. Mo ti gbé e fún un.

Ọmọ yín,
Fẹ́yì.


Abereke,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, 2024.

Fẹ́yìsetán,

Kámẹ́rà dé. Nígbà tí Tolúlọpẹ́ gbé e fún mi, mo rò pé àpótí rẹ̀ ni, mo ń wá ibi tí wọ́n ń ṣí i. Mo ti so ohun ìléfòó àwọ̀n mẹ́rin mọ́ ọn lára, ó wá tóbi díẹ̀ lójú ènìyàn.

Mo ya mẹ́tàlélọ́gọ́rin lọ́sẹ̀ kan. Tíṣà yóò fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ láti inú káàdì. Ogójì àkọ́kọ́ jẹ́ àtàǹpàkò mi. Mọ́kànlá jẹ́ ihò imú mi, torí mo kọ ojú rẹ̀ sí ara mi kí n tó mọ̀. Mo ya ìyá rẹ ní mẹ́fà, ojú rẹ̀ là nínú gbogbo rẹ̀, ó sì ń bá mi jà nínú mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni mo lo bíì, bíì, bíì tí o wí. Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún ni mo dijú.

Mo wá gbé e wọ ọkọ̀ tí mo ń bá lọ sójú omi, mo ya àwọn ènìyàn wa bí wọ́n ti ń fa àwọ̀n. Wò wọ́n dáadáa. Ọkùnrin mẹ́fà ni, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dijú. Ṣé èmi ni mo bá wọn dijú ni? Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Kámẹ́rà náà ló ń pa ojú ènìyàn dé. Àlòkù ni o rà. Ẹni tó ní i ti kú, ó dijú kó tó lọ, kámẹ́rà sì kọ́ ọ lára rẹ̀.

Ọmọ Jọọlá ra tuntun fún bàbá rẹ̀. Èmi tí mo ta ọkọ̀ mi kí o tó lè rí òkè òkun lọ, ohun ìní òkú ni o fi ránṣẹ́ sí mi. Fi òmíràn ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó lọ tán, bí o bá ṣì ka ìlú yìí sí.

Olówòkéré.


Abereke,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá, 2024.

Fẹ́yì, ọma mi,

Ìyá rẹ Moríkẹ́ ló ń kọ èyí. Bàbá rẹ kò mọ̀, Tíṣà sì ti búra pé òun kò ní sọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, èsì rẹ kò dé. Ní Sátidé, bàbá rẹ máa ń lọ dúró sí etí omi bí ọkọ̀ Tíṣà bá ń bọ̀. Bí mo bá bi í léèrè, yóò ní ìgbì omi lòun ń wò. Ọ̀rọ̀ tó kọ sí ọ ti ń dun òun fúnra rẹ̀. Mo ní kó tọrọ àforíjì, ó ní bébà ti tán. Bébà wà.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Ó dúró lórí afárá pákó, ó fẹ́ ya ilé wa. Ilé kò gbà sínú rẹ̀ tán, ó bá ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, títí pákó fi tán. Kámẹ́rà léfòó. Bàbá rẹ ló rì. Nígbà tó jáde, ó kọ́kọ́ sọ pé kí n kọ ọ́ sí ọ pé ohun ìléfòó òun ṣiṣẹ́.

A yọ bátìrì, a yọ káàdì bí o ti wí. O ní ká gbẹ ẹ́ níbi tó lóoru díẹ̀. Ibo ló lóoru díẹ̀ nínú ilé yìí bí kò ṣe òkè ààrò ẹja mi? Mo tú ohun ìléfòó kúrò lára rẹ̀, mo tò ó sí àárín àwọn ẹja, mo sì ń yí i bí mo ti ń yí wọn, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà gbẹ ju èkejì lọ. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan ti mú un lọ́wọ́, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gbẹ dénú, kí n tó já a gbà. Ó ń ṣiṣẹ́, ọma mi. Ó kàn ń rùn bí edé ni, gbogbo ohun tó bá sì yà ló ń pọ́n bí ẹni fi epo pa á.

Ogún ọjọ́ ló kù. Jọọlá ti ra fìlà tuntun. Bí inú bá ń bí ọ sí bàbá rẹ, jọ̀ọ́, tọ́jú rẹ̀ di ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà.

Ìyá rẹ.


Hull,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Inú bí mi, n kò ní parọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí òótọ́ ni. N kò lè gbé kálámù fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lánàá mo tún ṣí àwọn fọ́tò yín. Mo wo àtàǹpàkò yín, mo wo ihò imú yín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ìgbà náà ni mo dé orí àwọn mẹ́fà tó ń fa àwọ̀n. Kí ló pa ojú wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà? Mo wo ọwọ́ wọn, mo rí omi tó fọ́n sókè níwájú wọn, gbogbo rẹ̀ sì padà wá sí mi lọ́kàn.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún méje, mo jókòó síwájú ọkọ̀ yín, mo ń gbọ́n omi. Ẹ máa ń pè é sókè: ení, èjì. Bí ẹ bá ti pe ẹ̀ta, gbogbo ọwọ́ yóò fà á pọ̀, omi iyọ̀ yóò fọ́n, gbogbo ojú yóò dì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ ní, "Bí o bá ti gbọ́ ẹ̀ta, dijú, kí iyọ̀ má baà fọ́ ọ lójú."

Àádọ́ta ọdún lẹ ti ń dijú ní ẹ̀ta, Bàbá. Onífọ́tò Ìgbókòdá ń ka ẹ̀ta fún yín. Kámẹ́rà ń dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ara yín ń dúró de omi iyọ̀. Màmá kò fa àwọ̀n rí, ojú tiwọn sì ń là.

Ẹ jókòó. Kí Màmá gbé kámẹ́rà náà. Kí wọ́n ka ení, kí wọ́n ka èjì, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ẹ̀ta nínú ilé yẹn.

Ọmọ yín,
Fẹ́yì.


Abereke,
Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, 2024.

Fẹ́yìsetán ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ewéko dí ojú omi pa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ Tíṣà kò lè padà láti Ìgbókòdá. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ni lẹ́tà rẹ tó dé. Ọjọ́ kan ló kù.

Mo kà á, mo ní irọ́ ni. Mo ní kí ìyá rẹ wá yà mí kí n lè fi hàn ọ́ pé irọ́ ni. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ka ení, ó ka èjì, ó dákẹ́. Mo ń retí ẹ̀ta. Mo bi í pé kí ló tún ń dúró dè. Ó kàn yí ẹ̀yìn kámẹ́rà sí mi.

Fẹ́yì, ojú mi là. Méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí, n kò sì rí i nínú àwòrán rí. Ojú bàbá mi ni mo ní, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́, ìyá rẹ ní ṣé kò dùn mọ́ mi ni. Mo ní èéfín ààrò rẹ̀ ló wọ̀ mí lójú.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo fi káàdì sínú fìlà, mo gbé e lọ sí Ìgbókòdá fúnra mi. Jọọlá ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀. Ológún ni lóòótọ́, ó mọ́ kedere, o lè ka irun ìpéǹpéjú tó fi dijú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Wọ́n ní kí ló dé tí tèmi pọ́n báyìí. Mo ní àwọ̀ wúrà ni, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń san fún un. Wọ́n gbà á.

Jọọlá wá bá mi lónìí lẹ́yìn ìsìn pẹ̀lú ìdì ẹja kan, ó ní kí n ya òun. Mo gbé e jókòó, mo ní kó gbé àgbọ̀n sókè, mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, kó lè mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Mo ka ení, mo ka èjì. Ó rí ojú ara rẹ̀, ó sì dì mọ́ mi. N kò sọ àṣírí fún un. Ènìyàn mẹ́rin ti wà nílẹ̀ fún ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ nípa ọkọ̀, dákun, gbàgbé rẹ̀. Mo tà á torí mo fẹ́, mo sì tún lè tà á lónìí. Kámẹ́rà rẹ dára. Tọ́jú ìwé yìí, torí n kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá rẹ, oníṣẹ́ fọ́tò,
Lawrence Olówòkéré.


Hull,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá, 2024.

Bàbá mi, oníṣẹ́ fọ́tò,

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Mo ti tẹ fọ́tò yín jáde, mo ti yọ ti àtijọ́ kúrò lára ògiri. Mo jí láàárọ̀ yìí, ẹ ń wò mí. Mo kí yín káàárọ̀ kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe.

Beauty wá. Ó bi mí pé ta nìyí. Mo ní bàbá mi. Ó ní, "Èyí tó kú?" Mo ní ó ti jí. Ó wò yín, ó wò mí, ó ní ojú kan náà ni, pé kí òun yà mí kí n gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Mo wọ aṣọ mi tó dára. Ó gbé fóònù sókè, ó kà á lédè Òyìnbó, èdè tó sì wù kí ó fi kà á, ara mi mọ ẹ̀ta.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yà mí. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Mo dijú pinpin nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Beauty ní kí ló ń ṣe wá nínú ìdílé yìí. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá ń sunkún. Ọdún méje ni mo ti kúrò níwájú ọkọ̀ yín, Bàbá, omi yẹn ṣì ń fọ́n sí mi lójú.

Owó ọkọ̀ òfurufú fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Fẹ́yì.


Abereke,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kìíní, 2025.

Fẹ́yìsetán ọmọ mi,

A rí fọ́tò rẹ. Ìyá rẹ gbé ọ̀kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, láti ìgbà náà ni àwọn ará ìlú ti ń wá bá wa kẹ́dùn. Jọọlá gbé púpurú wá, ó sunkún débi pé a kò lè sọ fún un. A ti jẹ ẹ́ tán.

Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé. Máa bọ̀ wálé. Mo ti fi bátìrì tuntun sínú kámẹ́rà, mo sì ti sọ fún ìyá rẹ: bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, èjì péré ni màá kà.

Bàbá rẹ.